Àyà Mọ́

Ní Ṣágámù, ní yàrá tí a ti ń pa iná ká tó lè ríran,
èmi ni mo ń ka òjìji egungun.
Ọdún kẹtàlélógún rèé. Ojú mi ti mọ
ẹ̀dọ̀fóró tí ikọ́ ife ti lu jára, owó ẹyọ tí ọmọdé gbé mì,
egungun ìhà tí ọ̀kadà ṣẹ́ lọ́nà Ìpẹ́rù.
Mo ti ń rò pé kò sí ohun tí àyà ènìyàn tún lè fi bò mí lójú.

Kúbúrá gbé ọmọ rẹ̀ dé ní Ọjọ́bọ̀ kan,
àwọ̀ obì tí ó ń bó ní Sábó ṣì wà léèékánná rẹ̀.
Ọlábọ̀sípọ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin,
èémí rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo.
"Láti ìkókó ni," ìyá rẹ̀ wí.
"Wọ́n ní ikọ́ fée ni. A fa oògùn símú títí agolo fi ṣófo.
Wọ́n ní ọyẹ́ ni. Ọyẹ́ lọ, ó kù ú.
Ògì ń wọlé. Omi ń wọlé.
Àmọ́ bí mo bá se ìkókórẹ́,
tí kókó ewùrà kan ṣoṣo bá bá a lọ,
ojú ọmọ mi á ṣú,
á na ọrùn sẹ́yìn bí àkùkọ tó fẹ́ kọ."

Olómi ń kọjá, líle ń há.
Gbólóhùn yẹn ló gún mi ní kẹ́ṣẹ́.
Mo gbé àwòrán rẹ̀ sójú iná.
Iṣan ńlá tó ń ti ọkàn jáde,
apá òsì ló máa ń yà sí.
Ti Bọ̀sípọ̀ yà sí ọ̀tún.
Ìyókù, mi ò rí i. Pẹlẹbẹ ni fíìmù,
ó ń to iwájú lé ẹ̀yìn bí aṣọ inú àpótí.

Dókítà Òṣínúbi ní ká gbé e sínú ẹ̀rọ oníhò.
A dúró de iná. A dúró de owó,
títí àwọn olóbì fi gbé àjọ fún ìyá rẹ̀ ṣáájú oṣù rẹ̀.
A fi oògùn mú ọmọ sùn, a ta èyí tí ń tàn sínú iṣan rẹ̀,
a sì tì í sáàárín òrùka funfun gàgàrà náà.
Ó ń pòòyì, ó ń kùn,
ó gé àyà náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ láìmú ọ̀bẹ.

Ní ègé kẹtàdínlógójì ni mo rí i.
Iṣan náà jáde, ó pín sí méjì bí odò tó kan àpáta,
ọ̀kan gba ọ̀tún, ọ̀kan gba òsì,
wọ́n tún lọ pàdé lẹ́yìn.
Láàárín wọn, ọ̀nà oúnjẹ àti ọ̀nà èémí
fún mọ́ra bí ìka ìyá àgbà nínú òrùka ìgbà wúńdíá.

"Inú rẹ ló ti wọ̀ ọ́ wá," mo sọ fún Kúbúrá.
"Kò sẹ́ni tó ṣe é."
Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ìyakọ rẹ̀ ní Ṣìmáwà
ti dárúkọ ẹnì kan.
"Ṣé wọ́n lè gé e?"
"Wọ́n lè gé apá tó tín-ín-rín."
"Níbí?"
"Ìbàdàn."
Ó dákẹ́. Ètè rẹ̀ ń ṣírò owó ọkọ̀.

Ìgbà tí wọ́n lọ tán ni mo tú fáìlì ọmọ náà délẹ̀.
Fíìmù kan wà nísàlẹ̀, ó ti lé lọ́dún méjì.
Iṣan náà wà lọ́tùn-ún níbẹ̀, kedere,
bí àlejò tó jókòó sórí àga onílé.
Lábẹ́ rẹ̀, bírò búlúù:
*Àyà mọ́.*
Ìkọ̀wé mi ni.

Wọ́n ti gé e. Kúbúrá fi obì ránṣẹ́,
ó ní Bọ̀sípọ̀ ń jẹ ẹran báyìí, ó ń jà sí i pàápàá.
Mi ò tíì pa obì náà.
Bí ilẹ̀ bá ṣú, tí àwọn yòókù ti relé,
mo máa ń sọ̀ wọ́n kalẹ̀ láti orí pẹpẹ, àpò kan, àpò kan,
mo ń gbé wọn padà sójú iná,
gbogbo àyà tí mo ti ní ó mọ́.